Gbèsè Tí N Kò Jẹ

Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Lẹ́tà kẹta dé láàárọ̀ òní. Kí n tó já a ni mo ti mọ ibi tó ti wá, nítorí àpòòwé funfun tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára ti di ohun tí ojú mi ń dá mọ̀ láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń báni gba gbèsè ló kọ ọ́. Wọ́n ní mo jẹ £146.38 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò nínú fúláàtì tí a gbé ní Peckham, àti pé bí n kò bá san án láàárín ọjọ́ 7, àwọn lè rán ènìyàn wá sí ẹnu ọ̀nà mi.

N kò jẹ wọ́n. Ó ti lé ní ọdún méjì tí a ti kó kúrò ní Peckham. Kí a tó kó, mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì náà, mo sọ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa ti wí, mo san owó oṣù tó gbẹ̀yìn, mo di ráútà wọn sínú páálí, mo sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra mi. Ohun tí mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó gbọ́ ìpè mi kò ti àkáǹtì náà pa, kọ̀ǹpútà wọn sì ń gbé owó lé mi lórí lóṣooṣù. Nígbà tí mo ti fagi lé Direct Debit, àṣẹ tí wọ́n fi ń fa owó wọn ní báǹkì mi lóṣooṣù, tí kò rí owó fà mọ́, ó pe ohun tí kò rí fà ní gbèsè. Peckham ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ní gbogbo àkókò yẹn, títí wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà lé àwọn agbowó-gbèsè lọ́wọ́, tí àwọn yẹn sì wá mi kàn níbí.

Bàbá àwọn ọmọ mi rí mi níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú lẹ́tà náà, ó ní, "Màmá Adé, jẹ́ ká san án kí ọkàn wa balẹ̀." N kò bá a jiyàn, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìyá àgbà mi máa ń sọ fún wa nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè ní ayé àtijọ́. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onítọ̀hún, yóò máa bú u sí etígbọ̀ọ́ àwọn aládùúgbò, yóò gbá adìyẹ tó bá rí mú, kò sì ní dìde títí àwọn ará ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀. Ológò yẹn ni mo rí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà nínú lẹ́tà yìí, àyà mi sì já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, mo tún lẹ́tà náà kà, mo sì fi bírò fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ "lè". Ibi mẹ́fà ni. Wọ́n lè rán ènìyàn wá, wọ́n lè gbé mi lọ sí kóòtù, ó lè nira fún mi láti yá owó lọ́jọ́ iwájú. Kò sí ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti sọ pé àwọn yóò ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá rán, bó bá tilẹ̀ wá, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ilé mi, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù mi. Báílífù, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè, ló ní irú agbára yẹn, fún irú owó báyìí kóòtù sì gbọ́dọ̀ ti dájọ́ kí báílífù tó jáde. Láti ọdún 1970 ni òfin ilẹ̀ yìí ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí agbowó-gbèsè máa dààmú ènìyàn ṣáá tàbí kí ó díbọ́n pé ìjọba ló rán òun.

Síbẹ̀, n kò ní sọ ọ́ nù. Bí wọ́n bá fẹ́ pe ẹjọ́ ní tòótọ́, lẹ́tà mìíràn ni wọn yóò kọ, èyí tó gbọ́dọ̀ fún mi ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ kóòtù fúnra rẹ̀ wá tí ènìyàn sì dákẹ́, wọn yóò dájọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìdájọ́ náà yóò sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìdájọ́ gbèsè fún ọdún 6 bí kò bá san owó náà láàárín oṣù kan. Báyìí ni ẹni tí kò jẹ gbèsè ṣe ń di ajigbèsè nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan.

Nítorí náà mo kọ lẹ́tà méjì. Mo sọ fún àwọn agbowó-gbèsè pé n kò jẹ owó yìí, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn mí, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró títí wọn yóò fi rí i. Mo ní kí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa mi ránṣẹ́, pàápàá ti ọjọ́ tí mo pè wọ́n. Òfin fún wọn ní oṣù kan láti ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọn kò bá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, n óò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ onílàjà, nítorí Ofcom, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ onílàjà tí oníbàárà kò ní sanwó fún. Mo ya àwòrán rìsíìtì ráútà náà, nítorí yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú lẹ́tà méjèèjì. N kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó bá san díẹ̀ lára ohun tí kò jẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí sì rèé, ọdún 6 tí òfin fún olówó láti pe ẹjọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó san díẹ̀ náà.

Màmá kan nínú ìjọ wa ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ ọ́. Ọkọ wọn kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì pe ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ọkọ ń san owó fún pé kí wọ́n pa àkáǹtì náà dé. Kò pẹ́ tí lẹ́tà ìhàlẹ̀ fi dé. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń yọ £20 lóṣooṣù nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹnì kan má baà gbọ́ pé àwọn jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń san gbèsè rẹ̀, opó tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn kò sì jẹ wọ́n ní nǹkankan. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, ó ṣì ń bí mi.

Mo pe Màmá náà ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ ti tèmi kí n tó béèrè tiwọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn lẹ́tà náà wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò sì kó o wá sílé mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. "Àwọn kan wà tí mi ò tíì já o, ọmọ mi."

Mo ní kí wọ́n kó ìyẹn náà wá.