Ọjọ́ Ìsinmi àti Ìwé Ìtàn Àròsọ ní Nàìjíríà àti ní Jámánì

Ní Jámánì tí mo ń gbé báyìí, àgbàlagbà lè fi odindi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ka ìwé ìtàn àròsọ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè èrè tí ó ń jẹ nídìí rẹ̀. Kì í ṣe pé a kórìíra ìwé ní Nàìjíríà. Bí ọmọ bá ń kàwé nítorí ìdánwò, gbogbo ilé ni yóò dákẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní ìdílé jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nídìí ìtàn tí kò sí ìdánwò kankan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ yóò pè é, ẹni tí ó bá sì bá a níbẹ̀ yóò wá iṣẹ́ fún un.

N kò gbà pé ìwà ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ohun tí ó fà á ni ẹni tí ń san owó ọjọ́ náà. Òfin ìsinmi Jámánì ti ọdún 1963, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lónìí, fún òṣìṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 24, ó kéré tán, lọ́dún, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Òfin kan náà kò gbà kí ó lo ìsinmi yẹn láti ṣe iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbowó lé lórí, bí iṣẹ́ náà bá ta ko ìdí tí a fi fún un ní ìsinmi. Ọjọ́ Àìkú ní ààbò tirẹ̀ nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè: ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin Weimar, ìyẹn ìwé òfin Jámánì nígbà náà, ní 1919 ni wọ́n gbé wọnú ti 1949, pé ọjọ́ ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti ti ìtura ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba pàápàá kì í ṣí lọ́jọ́ náà, nítorí náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti máa ń yá ìwé sílẹ̀.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú owó. Kò dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, mẹkáníìkì àti oníṣòwò tí wọ́n dá dúró fúnra wọn. Ọjọ́ tí aránṣọ kò bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí yóò san owó ọjọ́ náà fún un, ọmọ yóò sì jẹun.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ọjọ́ Àìkú wà fún ní Jámánì pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a kì í ti ilé ìtọ́jú wọn. Síbẹ̀ òfin ní kí a fi ọjọ́ Àìkú 15, ó kéré tán, sílẹ̀ fún wa lọ́dún, kí a sì fi ọjọ́ mìíràn dípò èyí tí a bá fi ṣiṣẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tèmi sábà máa ń bọ́ sí Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú.

Odindi ọjọ́ a máa yí ìwé kíkà padà. Nígbà tí mo wà ní Nàìjíríà, inú ọkọ̀ àti òru ni mo ti ń ka ìtàn, díẹ̀díẹ̀, débi pé n ó ti gbàgbé ọmọ ìyá ta ni ta ni kí n tó dé ìdajì. Báyìí, bí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, mo ti mọ ohùn ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, mo mọ ẹni tí ń purọ́ kí òǹkọ̀wé tó tú u fó, ẹ̀rù a sì máa bà mí fún ẹni tí kò tíì mọ̀. Ayọ̀ ńlá ni, mo sì gbà pé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tí ó mọ̀wé kà.

Ohun tí n kò rí níbí ni ẹni tí a ó jọ jiyàn lé e. Ní Nàìjíríà, ìwé kan ṣoṣo a máa kọjá lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀, a ó sì bá ara wa jà nítorí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú ìtàn náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ, ni a ṣì jọ ń ṣe é lórí fóònù. Ìwé kan náà la ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo ti ka tèmi tán lọ́jọ́ kan. Àwọn ń ka tiwọn láàárín oníbàárà kan sí èkejì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ bí ó ṣe parí.