Àdúrà orí gàrí

Láàárọ̀ yìí, mo ki kọ́ọ̀pù bọ inú ike gàrí, ìdí ike ló dá mi lóhùn: ràkà-ràkà. Oṣù kẹta rèé tí wọn ò tíì san owó oṣù wa.

Mo da omi sí èyí tó kù fún ọmọ mi, mo wọ́n ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Ó dijú pinpin: “Jésù, ẹ ṣé tí ẹ fún wa lóúnjẹ púpọ̀.” Púpọ̀ kẹ̀! Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi.

Wòlíì Hábákúkù ní bí màlúù ò tilẹ̀ sí ní ibùjẹ, òun á yọ̀ nínú Olúwa. Èmi ò tíì lè yọ̀ o, ká má purọ́. Àmọ́ mo ṣe “Àmín.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé àdúrà ọmọdé ti pa yín lẹ́nu mọ́ rí?