Brahms ni mo mú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti yan orin dùùrù (piano) tí màá fi ṣe ìdánwò ìgbàwọlé o! Ballade àkọ́kọ́, orin dùùrù gígùn kan tí Chopin ará Poland kọ, ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, àmọ́ eré àsápajúdé ni ìparí rẹ̀ yẹn. Olùkọ́ mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ ni, àbí kí wọ́n káàánú ẹ?" Ẹnu mi wọhò.

Bí mo ṣe ṣí Intermezzo ti Brahms nìyẹn, orin dùùrù kúkúrú tí ará Jámánì yẹn kọ lọ́dún 1893, èyí kejì nínú àkójọ orin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Op. 118. Ojú lásán ló ti rọrùn o! Láàárín rẹ̀, ohùn kan fara pamọ́ sábẹ́ ohùn òkè, ó ń tẹ̀ lé e. Bí ìka bá fi lè tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn adájọ́ sì lè dá èèyàn dúró nígbàkigbà, torí náà ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ń tẹ̀ mọ́jú. Ará ilé, ẹ má bínú.