Aràn ọkàn àti Tanímọ̀la, ajá mi

Ìlú Houston ni mo ń gbé, níbi tí ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Nígbà tí mo gba Tanímọ̀la lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ajá tí kò ní ẹni, ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú mi, àfi pé bó bá sáré díẹ̀, yóò húkọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn pé aràn ọkàn ti ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀fọn ló ń gbé aràn yìí kiri. Bó bá mu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ní in, yóò mu àwọn ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí mọ́ ọn, wọn yóò sì dàgbà díẹ̀ nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 bí ojú ọjọ́ bá móoru, kó tó gbé wọn fún ajá mìíràn. Lára ajá, ó ń gbà wọ́n tó oṣù 6 tàbí 7 kí wọ́n tó di àgbà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Abo wọn lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n sì lè lo ọdún 5 sí 7 níbẹ̀.

Oṣù kan ni Tanímọ̀la fi lo doxycycline, òògùn apakòkòrò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ melarsomine tó ń pa aràn náà, èyí tí arsenic wà nínú rẹ̀, sí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, méjì mìíràn lẹ́yìn oṣù kan, ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Abẹ́rẹ́ gan-an kọ́ ni ìṣòro. Aràn tó bá kú yóò máa já wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà bí ajá bá sáré lásìkò yẹn, iṣan lè dí, kí ó sì kú. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, okùn ni mo fi ń mú un jáde lọ tọ̀, ajá tí kì í rí ọ̀kẹ́rẹ́ kó má lé e.

Òògùn oṣooṣù bíi ivermectin ni ì bá ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo èyí. Ohun tí èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé òògùn náà kì í lé ẹ̀fọn, kì í sì í ṣọ́ ọjọ́ iwájú. Ti oṣù tó kọjá ló ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ aràn tó ti wọ ara ajá láti bí oṣù kan ló ń pa, kí wọ́n tó dàgbà kọjá ohun tí apá rẹ̀ ká. Bí a bá wá fo oṣù méjì mẹ́ta, àwọn kan lè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo dárúkọ òògùn náà fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe òògùn ìnárun ni?” Òun náà ni, òògùn àrùn tí aràn ń fà, tó ń mú ara yún, tó sì lè fọ́ni lójú. Ọdún 1987 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ajá ni ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé àwọn yóò máa fi Mectizan, ìyẹn ivermectin ti ènìyàn, ta ènìyàn lọ́rẹ, òun sì ni wọ́n ń pín ní Ìbàràpá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga wa kí wọ́n tó mọ iye tí a ó gbé mì. Màmá mi kò ṣàì bi mí pé kí ló dé tí ènìyàn ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí ajá sì ń lò ó lóṣooṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí ra ivermectin ti màlúù fún ajá rẹ̀: ìwọ̀n tí ajá nílò kéré gan-an, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè ṣe ọpọlọ àwọn ẹ̀yà ajá kan, bíi Collie, léṣe. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kó ṣáájú, nítorí bí ọmọ aràn púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ajá náà dùbúlẹ̀.

Ti ológbò tún le jù. Aràn kan sí mẹ́ta péré ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, àyẹ̀wò tó ń wá àmì abo aràn kì í sì í rí i bó bá jẹ́ akọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó lè máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ní ikọ́ fée, ó lè máa bì, ó sì lè kú lójijì. A kò lè fún un ní melarsomine. Ológbò mi kì í jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ń wọlé. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń kán selamectin, òògùn tó ń dènà aràn yìí, sí i lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dé.