Ìjàpá, Ọ̀pọ̀lọ́ àti pọ́ìntì keje

Sátidé. Òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀, òjò Manchester tí kì í pariwo, tí kì í sì í dá. Abẹ́ tábìlì ni mo wà láti aago mẹ́sàn-án, ọrùn ń ro mí.

Bí àlejò bá gòkè wá sí yàrá abẹ́ òrùlé wa, ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí mo fi ń ṣeré lórí tábìlì yìí ló máa ń wò. Pọ́ìntì lèmi ń wò ní tèmi, ibi tí ojú irin kan ti yà di méjì, tí abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń sún sọ́tùn-ún sósì kí ọkọ̀ lè mọ ibi tó ń lọ. Àlàfo àárín irin mi ò ju milimita 16.5 lọ. Lọ́mọdé, mo máa ń dúró wo ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ rélùwéè Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tó ń fi gbogbo ara fa ọ̀pá irin kó tó lè yí pọ́ìntì kan ṣoṣo. Èmi, nọ́ńbà ni mò ń tẹ̀.

Pọ́ìntì mọ́kànlá ni mo ní. Mẹ́jọ ń lo mọ́tò alátijọ́ tó ní kọ́ìlì méjì, irin kan láàárín wọn. Kọ́ìlì tí iná bá kàn ló máa fa irin náà lójijì, "kà!", ó ti yí. Iná tó ń gbà pọ̀, ó lè tó amp 3 tàbí 4, àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ lára rẹ̀ rárá. Lọ́dún tó kọjá, bọ́tìnnì àlòkù kan tí mo tẹ̀ kò padà sókè. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Nígbà tí mo máa fi tú u, ike ara kọ́ìlì ti yọ́, wáyà bàbà ti dú bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà náà ni mo ti so àpótí kapásítọ̀, tó ń kó iná pamọ́, mọ́ wọn. Bí orù omi lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń kán tó tó ni: ó kún díẹ̀díẹ̀, o dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí bọ́tìnnì bá tún há, orù ti ṣófo, èyí tó ń kán kò lè jó nǹkan kan.

Mẹ́ta tó kù, mọ́tò tí wọ́n ń pè ní Tortoise, ìyẹn Ìjàpá, ni wọ́n ń lò. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń yí, bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, ó dúró gbọn-in níbi tó dé, iná sì lè wà lára rẹ̀ di alẹ́ láìṣe nǹkan kan, torí kò gbà ju nǹkan bíi milliamp 16. Ká ní mo lówó ni, gbogbo wọn ni mi ò bá sọ di Ìjàpá. Ọ̀pọ̀lọ́ sì ni àwọn òyìnbó ń pe ibi tí irin méjì ti kọjá ara wọn nínú pọ́ìntì. Ìjàpá yìí ló tún ń yí iná Ọ̀pọ̀lọ́ padà bí ọ̀nà bá yí. Ààlọ́ o!

Wàhálà tòní rèé. Nínú ètò digital, wáyà méjì kan náà ló ń gbé iná àti àṣẹ. Bí mo bá ní "nọ́ńbà 7, yí sósì", dikódà 7, àpótí kékeré tó ń gba àṣẹ fún pọ́ìntì náà, á gbọ́, àwọn yòókù á ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Ọ̀lẹ wá mú mi, mo so gbogbo dikódà pọ́ìntì mọ́ wáyà tó ń bọ́ ojú irin. Wáyà míì fún kí ni?

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo gbé ọkọ̀ aláwọ̀ ewé gba ẹ̀yìn wọ pọ́ìntì 7, mo gbàgbé pé ọ̀nà kejì ló kọjú sí. Bí táyà irin rẹ̀ ṣe gun Ọ̀pọ̀lọ́, ṣọ́ọ̀tì! Ẹ̀rọ adarí já iná. Mo tẹ 7. Kò sóhun tó mira. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tó lè tú ọkọ̀ sílẹ̀ ni pọ́ìntì, ọkọ̀ ló sì pa iná tí pọ́ìntì máa fi yí. Bí ẹni ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ilé.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà n'Ìbàdàn. Ẹ̀rín ló fi dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbé changeover ilé Bàbá dé ọ̀dọ̀ òyìnbó!" Òótọ́ ni. Changeover yẹn, iná NEPA ló fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ la nílò rẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n dín wáyà kù nígbà yẹn." Mi ò fèsì ìyẹn.

Gbogbo ọ̀sán ni mo fi fa wáyà méjì tuntun láti ẹnu ẹ̀rọ adarí lọ bá dikódà àwọn Ìjàpá. Sẹ́nu wáyà ojú irin, mo fi breaker tí ìyàwó mi rà fún mi lọ́jọ́ ìbí, tó ti ń sùn nínú dúrọ́ọ̀. Ó yá lọ́wọ́ ju ẹ̀rọ adarí lọ, ojú irin nìkan ló máa pa.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkọ̀ náà gba ọ̀nà àṣìṣe. Iná pupa tàn lára breaker, ọkọ̀ dákẹ́. Mo tẹ 7. Wùùùù, lábẹ́ pátákó, Ìjàpá ń lọ. Bó ṣe yí tán ni iná pupa kú, ọkọ̀ sì gbéra fúnra rẹ̀, ó kọjá lórí Ọ̀pọ̀lọ́ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Bàbá Tóbi, àmàlà yín ti tutù o!"

Àwọn mẹ́jọ tó kù di Sátidé tó ń bọ̀.