Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí àbúrò ọkọ mi mutí wakọ̀: fáìnì yẹn ló kéré jù

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àkúrẹ́ níbí ló rò pé tí wọ́n bá mú ẹni tó mutí wakọ̀, kó ṣáà ti san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún Road Safety kó máa bá tiẹ̀ lọ. Irọ́ kọ́ o, ₦5,000 ló wà nínú ìwé wọn lóòótọ́, pẹ̀lú pọ́ìntì 5 lórí láísẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí kò gbá nǹkan kan nìyẹn. Tí mọ́tò bá ti kan ọmọ ẹlòmíì, ẹ gbàgbé ₦5,000.

Àbúrò ọkọ mi lọ síbi ìnáwó ní Ìdànrè (Akọ̀wé lèmi ń pè é, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ), ó mu bíà, wọ́n tún gbé ògógóró tí wọ́n rẹ egbò sí wá, òun náà ò kọ̀. Nígbà tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò tíì jìnnà sí Àlàdé tó fi lọ gbá ọlọ́kadà kan láti ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni ò kú, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ ẹsẹ̀ bàbá yẹn dá, ọ̀kadà ẹ̀ sì run. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Wàrrí, èmi ni wọ́n pè.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sẹ́ni yín, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹni tó fara pa dé ọsibítù, ọ̀fẹ́ ni 122 tí Road Safety fún wa láti pè. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ọsibítù ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má sá o, ẹni tó bá ní jàm̀bá tí kò fi tó wọn létí, ₦20,000 àti pọ́ìntì 10 nìyẹn lọ́tọ̀. Bọ̀dá kan tó wà níbẹ̀ ti ń kó owó jáde lápò pé kóun fi tu ọ̀gá Road Safety lójú, mo ní bọ̀dá ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà, torí ìyẹn náà ní pọ́ìntì 10 àti ₦10,000 tiẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ọtí 5, tí wọ́n bá tún kọ wíwakọ̀ eléwu mọ́ ọn, 10 àti ₦50,000, ó ti di 15, bẹ́ẹ̀ láti 15 ni wọ́n ti lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ èèyàn fúngbà díẹ̀, tó bá di 21 wọ́n gbà á pátápátá. Ẹ má sì sọ pé kò yó o, wọn kì í wo bóyá ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ìwọ̀n tó wà nínú òfin ni gíráàmù 0.5 ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹni tó ń rìn gbọnrangandan ṣì lè kọjá ẹ̀ dáadáa.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà lórí káńtà ní kí n lọ pe ọkùnrin wá, pé obìnrin ò lè ṣe onídùúró. Mo bá pe lọ́yà kan tá a jọ ń ṣe ìpàdé ìyá oníjọ, ó ní ACJA, òfin ètò ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015, ti sọ ọ́ gbangba pé wọn ò lè lé èèyàn nídìí ìdúró torí pé ó jẹ́ obìnrin. Mo fi fóònù sí wọn létí, ohùn yí padà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni bélì lóòótọ́, àmọ́ ìdúró kì í ṣe ọ̀fẹ́, tí ẹni tẹ́ ẹ dúró fún bá sá lọ, iye tó wà nínú ìwé ìdúró tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, ọrùn yín ló ń bọ̀.

Ibi tówó ti dùn wá jù ni inṣọ́ránsì. Third party ló rà, ₦15,000 tó ti di ti mọ́tò aládàáni láti January 2023. Ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún nǹkan ẹlòmíì tẹ́ ẹ bà jẹ́, mọ́tò tiyín ò sí níbẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá sì ra comprehensive, èyí tó kan mọ́tò tiyín náà, ẹ ka ẹ̀yìn ìwé yẹn níbi tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sí, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí awakọ̀ bá mutí àwọn ò sí ńbẹ̀. Wọ́n tún ń kọ ọ́ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ sọ fáwọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà ti kọ̀wé ní tèṣọ̀n kí n tó débẹ̀, "a máa bójú tó gbogbo ẹ̀", wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, àánú ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ìwé yẹn làwọn oní-inṣọ́ránsì dì mú, wọ́n ní ta ló ní ká ṣèlérí.

Àṣé ọ̀kadà yẹn gan-an kì í ṣe ti bàbá yẹn, ńṣe ló ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ tú etí ìró níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú káàdì kékeré kan jáde, irú èyí táwọn alájọ ń lò, wọ́n ti fi bírò aláwọ̀ búlúù máàkì ibi tí wọ́n ti san dé, ó ṣì ku púpọ̀ tó ṣófo. Ẹni tó gbé ọ̀kadà fún wọn náà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò, kì í ṣe owó x-ray àti POP tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ nìkan o, owó ojúmọ́ bàbá yẹn wà ńbẹ̀, ti ìyàwó tí kò lọ sóko wà ńbẹ̀, olówó ọ̀kadà náà ń dúró. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní ká gbé bàbá yẹn lọ sọ́dọ̀ teguntegun kówó lè dín kù, èmi ò gbà, tí ẹsẹ̀ yẹn bá lọ wọ́ nílé teguntegun, ẹjọ́ wa ló máa dà.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́. Tírańsífà ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fi san síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì parí ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, kí lọ́yà kọ ọ́, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, ìyẹn ò pa ẹjọ́ rẹ́. Bàbá yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ti dárí jì í, àmọ́ ìjọba ló pẹjọ́, mò ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba pa lọ sí Ìdànrè, wọ́n á ní adájọ́ ò jókòó, ká padà wá. Nígbà tí májísíréètì dá ẹjọ́ náà, owó ìtanràn ò tó ìdajì ohun tí lọ́yà gbà.

Akọ̀wé ń wa mọ́tò pín ọjà fún ilé-iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n gbé e lọ sínú sítọ̀, owó oṣù ẹ̀ sì rélẹ̀. Mọ́tò yẹn, ẹni tó ń ra àlòkù ló gbé e bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iwájú tó wọlé, owó ẹ̀ la fi san èyí tó ṣẹ́ kù lórí káàdì, ìyókù wọ owó x-ray kejì.