Ìdí Tí Mo Fi Pa Òkìtì Orí Òpó Tì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ìjàkadì

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń gun orí òpó igun ríǹgì lálaalẹ́, tí mo máa ń kẹ̀yìn sí ẹni tí a jọ ń jà, tí n ó sì ta òkìtì sẹ́yìn lé e láyà. Moonsault ni wọ́n ń pe òkìtì bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa. Òun ni èrò ìwòran fi mọ̀ mí, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti fi polówó ìjà mi, òun náà sì ni mo pa tì nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjàǹbá ńlá kan ṣoṣo ló máa ń lé oníjàkadì kúrò nídìí eré eléwu. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ní tèmi, àti ní ti ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, ìṣirò ló lé wa.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́kọ́ fi ìṣirò náà hàn mí. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, bí ẹ bá sì pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò yí padà, nítorí ọrùn rẹ̀ kò lè dá yí mọ́. Ó bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lò ń ta òkìtì yẹn lọ́sẹ̀?” Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, Ọ̀gá.” Ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dún, mo ní 48. Ó ní kí n ṣírò rẹ̀ fún òun: 192 lọ́dún, 1,536 ní ọdún mẹ́jọ, láìka èyí tí mo ta níbi ìdánrawò, tó ṣeé ṣe kó pọ̀ ju ti iwájú èrò lọ. Nígbà náà ló wá béèrè pé, “Orúnkún mélòó lo ní?” Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Kí ìṣirò yìí tó lè yé ẹni tí kò wọ ríǹgì rí, ó yẹ kó mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Aṣọ líle ni wọ́n nà sókè, tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, pákó ló tẹ̀ lé e, irin ló sì gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ó máa ń mì díẹ̀, ó sì máa ń dún gbì, èyí tó mú kí àwọn kan rò pé ó rọ̀ bí ibùsùn. Ẹni tó bá já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà méjì àbọ̀, tí kò jìnnà sí ibi tí ara ènìyàn máa ń dé bó bá fò sókè láti orí òpó, yóò kan ilẹ̀ pẹ̀lú eré tó tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Lóòótọ́ ni pé a ti máa ń mọ ẹni tí yóò borí kí a tó wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bá wa ṣe àdéhùn kankan. Bí a ṣe ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa: kí àgbọ̀n lẹ̀ mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má baà gbálẹ̀, kí gbogbo ẹ̀yìn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a na apá méjèèjì, kí a sì mí síta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kò ní fara pa lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò gbà á.

Ti moonsault tún wá yàtọ̀. Bí mo bá fi gbogbo ìwọ̀n ara mi lé ẹni tó nà gbalaja sílẹ̀, eegun ìhà rẹ̀ yóò kán, òun náà sì ní iṣẹ́ láti ṣe lọ́la. Nítorí náà, orúnkún mi méjèèjì àti apá mi ni mo máa ń fi gba ilẹ̀, kí àyà mi lè kàn án fẹ́rẹ́. Ohun tí èrò ń rí ni pé mo já lu ẹnì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé mo fi orúnkún lu pákó. Keiji Mutoh, àgbà oníjàkadì ọmọ Japan, wà lára àwọn tó sọ òkìtì yìí di olókìkí. Ó ta á títí kèrékèré orúnkún rẹ̀ fi jẹ tán, tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2018, tí wọ́n sì fi oríkèé àtọwọ́dá sí i. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń rìn kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì oníṣẹ́ abẹ, mo rí ara mi ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́, nítorí pé ewu tó ń kígbe nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ wo Hulk Hogan, gbajúmọ̀ oníjàkadì ọmọ Amẹ́ríkà. Leg drop tó fi ń parí ìjà kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: yóò fò sókè díẹ̀, yóò na ẹsẹ̀, yóò sì fi ìdí jókòó sílẹ̀. Kò gun òpó, kò ta òkìtì. Síbẹ̀, lẹ́yìn tó ti fi ìdí lulẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba pé eré náà ló ba ìbàdí àti ẹ̀yìn òun jẹ́. Ẹ wo diving headbutt náà, tí ènìyàn máa ń fò láti orí òpó tí yóò sì forí lu ẹni tó dùbúlẹ̀. Harley Race, tí wọ́n gbà pé òun ló dá a sílẹ̀, padà sọ pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Dynamite Kid lò ó, ó sì fi kẹ̀kẹ́ arọ parí ayé rẹ̀ ní 2018. Daniel Bryan náà lò ó. Ní 2016, àwọn dókítà dá a dúró nítorí iye ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti mì nínú agbárí, ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó gbà kó padà.

Ọ̀ràn ti ara ẹni nìyẹn. Èyí tó tún wúwo jù ú lọ ni ọ̀ràn ara ẹlòmíràn, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí òun ni mo fi ojú ara mi rí. Piledriver ni pé kí a gbé ènìyàn dorí kodò, kí a há orí rẹ̀ sáàárín itan, kí a sì jókòó tàbí kí a kúnlẹ̀ lójijì. Bí orí rẹ̀ bá ga ju ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kò sí nǹkan tí yóò ṣe é. Bó bá yọ sísàlẹ̀ itan ní ìwọ̀n ìka méjì péré, ọrùn rẹ̀ ni yóò gba gbogbo ìwọ̀n ara ènìyàn méjì. Èmi náà máa ń ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òógùn ti mú kí itan mi máa yọ̀, mo sì jókòó. Mo gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà lábẹ́ mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ọwọ́ mi lára mọ́.” Rẹfirí gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n dábùú ara wọn, àmì tí a fi ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pé èyí kì í ṣe eré mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó sì ń jà títí di òní. Èmi ni n kò gbé ẹnikẹ́ni dorí kodò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tó jọ èyí, àmọ́ tó burú jù ú lọ, ló ṣẹlẹ̀ sí Steve Austin, oníjàkadì ọmọ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, nígbà tí Owen Hart, ẹni tí wọ́n jọ ń jà, gbé e dorí kodò tó sì jókòó. Orí Austin ti yọ sísàlẹ̀, ó sì kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ láìlè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀. Owen Hart kì í ṣe aláìmọṣẹ́, ìdílé tí wọ́n ti ń kọ́ ìjàkadì bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àáfábẹ́ẹ̀tì ló ti wá. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé ìmọ̀ọ́ṣe ni ààbò. Ìmọ̀ọ́ṣe máa ń dín iye ìgbà tí àṣìṣe yóò ṣẹlẹ̀ kù. Bí ẹ bá wá sọ iye ìgbà tí ẹ ń ṣe eré náà di ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ ti dá àṣìṣe náà padà sí ipò rẹ̀. WWE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjàkadì tí Austin ń bá ṣiṣẹ́, padà fòfin de piledriver fún gbogbo ènìyàn àfi àwọn mélòó kan. Ní 2010, wọ́n tún fòfin de fífi àga lu ènìyàn lórí.

Ti Mitsuharu Misawa, oníjàkadì ọmọ Japan, ni mo máa ń sọ kẹ́yìn bí àwọn ọ̀dọ́ bá yí mi ká, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó kú ní Hiroshima ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 2009, lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sókè tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lulẹ̀, eré tí wọ́n ti ṣe fún un láìmọye ìgbà, tí ẹni tó ṣe é kò sì ṣe àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ tí mo rí. Ọmọ ọdún 46 ni. Àìmọye ọdún ni ọrùn rẹ̀ ti ń gba irú rẹ̀ àti èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fún mi: pé bí àwọn bá fi òkìtì sílẹ̀, kí ni àwọn yóò máa fi dá èrò lára yá? Èmi náà bẹ̀rù èyí ju bí mo ṣe bẹ̀rù orúnkún mi lọ. Àmọ́ ẹ padà sọ́dọ̀ Austin. Kí ó tó fara pa, oníjàkadì tó mọ oríṣiríṣi ìdìmú ni. Lẹ́yìn tí ọrùn rẹ̀ bàjẹ́, ó pa púpọ̀ nínú rẹ̀ tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjà ìkúùkù àti ìpá, ó sì gba bẹ́líìtì aṣẹ́gun ní oṣù kẹta ọdún 1998, ọdún tí orúkọ rẹ̀ ta jù lọ. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2003, tó ja ìjà tí àwọn ènìyàn wá gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó jẹ́ àjàkẹ́yìn rẹ̀, oníjàkadì mìíràn, Brock Lesnar, gun orí òpó lálẹ́ ọjọ́ kan náà, orí ríǹgì kan náà, ó sì fò bí ẹyẹ pẹ̀lú ara ńlá rẹ̀ yẹn láti ta òkìtì lé Kurt Angle, ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Kò dé ibi tó ń lọ. Orí ló fi balẹ̀. Ó jà á parí, ó sì borí, kò sì ta irú òkìtì bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọdún tó tún lò nídìí iṣẹ́ náà. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí èrò kankan bínú sí i nítorí rẹ̀?

Ohun tí èmi fúnra mi rí lẹ́yìn tí mo pa moonsault tì ni pé gígun òpó nìkan ti tó. Mo máa ń gun ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, gbogbo gbọ̀ngàn yóò dìde, n ó dúró níbẹ̀, n ó wo ẹni tó dùbúlẹ̀, yóò sì yí kúrò lábẹ́ mi. Nígbà tí mo ń ta á lálaalẹ́, jíjókòó ni wọ́n ń jókòó wò ó.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe lónìí, ẹ má fi ọpọlọ tó mì pa mọ́ fún dókítà. Bí ẹ kò bá rántí bí ìjà ṣe parí, bí iná bá ń gún yín lójú, bí èébì bá ń gbé yín, ẹ kò gbọdọ̀ wọ ríǹgì títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda yín, ohunkóhun tí olùṣètò ìjà ì báà máa sọ. Ẹ wá ìdìmú kan tí ẹsẹ̀ yín kò ní kúrò nílẹ̀ fún, kí ẹ fi parí ìjà yín nígbà tí ẹ ṣì wà ní ọ̀dọ́, kí èrò ti gbà á lọ́wọ́ yín kí ara yín tó fi ipá mú yín yan òmíràn. Mo pẹ́ kí n tó ṣe èyí, ọdún méjì ni mo sì fi sọ orúkọ mi nù kí wọ́n tó tún mọ̀ mí.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí èmi àti rẹ̀ fẹ́ jà bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun ta òkìtì lé mi ní ìjà àkọ́kọ́ alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìdajì àga ṣì ṣófo. Mo ní kó fi pamọ́ di ọjọ́ tí a ó jà kẹ́yìn. Inú rẹ̀ kò dùn, ó sì kúnsínú títí a fi wọlé. Ní ìparí oṣù, níwájú èrò tó kún fọ́fọ́, ó ta á, mo sì fi àyà gbà á. Ó wúwo ju bó ṣe sọ fún mi lọ.